Ta Ni Kí N Da Omi Náà Fún?

Kumbukwela,
20 oṣù kẹrin, 1997.

Malkanthi ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ìyá arúgbó tí ò ń tọ́jú ń jẹun, àbí ó ṣì ń tutọ́ ọbẹ̀ sí ọ lára? Èmi wà dáadáa. Orúnkún mi nìkan ni kò wà dáadáa.

A ti ṣe ọdún tuntun wa ti oṣù kẹrin tán níbí. Mo se ìrẹsì olómi àgbọn, ó sì pọ̀ ju ohun tí ẹnu kan lè jẹ lọ, ni mo bá gbé ìyókù fún Gunapala oníbọ́ọ̀sì, torí láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, búrẹ́dì ló kù tó ń jẹ. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó wá ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ojú kò tì í.

Nínú lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn, o tún béèrè ohun tí o máa ń béèrè nínú gbogbo lẹ́tà, pé ṣé a ti gbúròó bàbá rẹ. Rárá o. Láti ìgbà tí ogun ti ká wọn mọ́ Kuwait, tí gbogbo awakọ̀ abúlé wa tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ padà wálé pẹ̀lú àpò òfìfo, tí bàbá rẹ kò sì sí láàárín wọn, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ọdún keje rèé.

Wá ibì kan jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Ní òṣùpá àrànmọ́jú oṣù kẹfà, bí Gunapala bá ti kó wa dé Anuradhapura, ìlú mímọ́ àwa ẹlẹ́sìn Búdà, mo fẹ́ gbé oúnjẹ fún àwọn àlùfáà níbẹ̀, kí n sì da omi lórúkọ bàbá rẹ.

Mo mọ̀ pé o ò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Èmi náà ò fẹ́ sọ ọ́. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń lọ, ní ìdí Igi Mímọ́ ni o, ní ìdí Òkìtì Funfun ni o, àárín àwọn alààyè ni mo máa ń ka bàbá rẹ mọ́. Àtùpà epo àgbọn ni mo máa ń tàn fún wọn, pé kí ewu má wu wọ́n níbi tí wọ́n wà. Mi ò da omi rí. Òkú là ń da omi fún, mi ò sì fẹ́ fi ẹnu ara mi pa ọkọ mi. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mò ń rí wọn lójú àlá. Wọn kì í wọlé. Ẹ̀bá ọgbà wa ni wọ́n máa ń dúró sí, ètè wọn á gbẹ furufuru. Ìwọ náà mọ irú àwọn tó máa ń dúró lẹ́bàá ọgbà báyẹn. Àwọn òkú tí ará ilé wọn ò fi láádá kankan ránṣẹ́ sí ni.

Bí wọ́n bá ti kú láti gbogbo ọdún yìí wá ńkọ́, tí òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, tí èmi aya wọn sì ń tan iná fún wọn bí ẹni tó ń retí ọkọ láti ọjà? Bí mo bá sì da omi tán, tó wá jẹ́ pé wọ́n wà láàyè ńkọ́? Orí mi dàrú, Malkanthi. Orúnkún mi sì ti kìlọ̀ fún mi pé àtẹ̀gùn Mihintale tí n óò gùn lọ́dún yìí, àgùnmọ ni. Èyí tí n óò bá ṣe, ọdún yìí ni n óò ṣe é.

Fi ìpara orúnkún ránṣẹ́ sí mi, èyí tó máa ń ta bí ata. Kí o sì tètè fèsì.

Èmi ìyá rẹ,
Heen Menika.


Napoli,
8 oṣù karùn-ún.

Ìyá mi àtàtà,

Mo kí yín púpọ̀. Ẹ kú ọdún, ẹ sì kú ìnira orúnkún. Ìyá arúgbó mi wà, ó ti jáwọ́ nínú ọbẹ̀ títu, tíì ló kàn báyìí.

Àwa ọmọ Sri Lanka tó wà níbí náà ṣe ọdún tuntun. Wọ́n yá gbọ̀ngàn kan, a fa okùn, a jẹ àkàrà dídùn. Mi ò pẹ́ níbẹ̀, orí ń fọ́ mi.

Renato, ọmọ ìyá arúgbó mi, gbé wa lọ wo ìlú àtijọ́ kan tí eérú òkè oníná bò mọ́lẹ̀ nígbà láéláé. Ó rí bíi Polonnaruwa wa gan-an, ògiri tí kò ní òrùlé, òpó tí kò gbé nǹkan kan. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, mo ti bọ́ bàtà bí a ti ń ṣe nílé kí n tó ronú. Renato ní, "Ṣé òkúta wọ inú ẹ̀ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi, kò sí ẹnì kan tó mú òdòdó dání níbẹ̀! Wọ́n kàn ń rìn káàkiri ilé òkú, wọ́n ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Nígbà tí à ń bọ̀, ìyá arúgbó ní kí n di òun lọ́wọ́ mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo tan àbẹ́là kan níbẹ̀ nítorí gbogbo èèyàn ló ń tàn án.

Ní ti ọ̀rọ̀ omi yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì dà á. Ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Kí la ń kánjú sí? Ṣé ó tiẹ̀ dá yín lójú pé láádá máa ń dé ọ̀dọ̀ òkú? Àlá lásán ni èyí tí ẹ̀ ń lá, bóyá oúnjẹ alẹ́ ló wúwo.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ béèrè yìí. Ṣé kì í ṣe Gunapala ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí? Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí bàbá mi di òkú lẹ́nu àwọn èèyàn kí ẹ lè rí àyè fẹ́ ẹlòmíràn, ẹ sọ fún mi, mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi omi ṣe é.

Báwo ni orúnkún? Ṣé màlúù wa ti fẹ́ bí? Báwo sì ni Gunapala fúnra rẹ̀?

Ọmọ yín,
Malkanthi.


Kumbukwela,
23 oṣù karùn-ún.

Malkanthi,

Mo kí ọ, ṣùgbọ́n ẹnu ni mo fi ń kí ọ.

Gunapala! Gunapala tó ń fi ìka ro etí níwájú ère Búdà! Mo kà á sókè fún àbúrò bàbá rẹ obìnrin, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọmọ tí mo bí nínú mi ló ń bá mi wá ọkọ láti òkè òkun. Bí mo bá fẹ́ fẹ́ ọkọ, ṣé ẹni tó máa sọ pé iyọ̀ mi pọ̀ jù ni n óò fẹ́?

Èyí tó bà mí lọ́kàn jẹ́ kọ́ nìyẹn. Ìgbà wo lo di ọmọ Àgùdà? O tan àbẹ́là ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ìwé kan náà lo ti wá ń bi mí pé ṣé láádá ń dé ọ̀dọ̀ òkú. Ta ló fi ìbéèrè yẹn sí ọ lẹ́nu? Fadá ni? Àbí Renato tó ń gbé ọ kiri nínú mọ́tò ni? Má fi nǹkan pa mọ́ fún mi. Ìwọ tí o kọ́ orin ìyìn Búdà kí o tó mọ bí a ti ń fọ ẹnu!

Mo lọ bá àlùfáà abúlé wa lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní, "Bàbá, bí mo bá da omi fún ẹni tó wà láàyè, ṣé ó máa pa á?" Ó ní, "Omi kì í pa ènìyàn, Heen Menika. Bí ẹni náà bá wà láyé, láádá rẹ̀ á padà sọ́dọ̀ ìwọ tí o dà á." Ara mi tù mí. Mo dé ìdí kànga, mo sọ fún àwọn obìnrin, wọ́n pariwo lé mi lórí. Wọ́n ní àlùfáà kò níyàwó, kí ló mọ̀ nípa ọkọ. Wọ́n ní ìyá sójà kan wà ní abúlé kejì tó da omi fún ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ní ó kú sójú ogun. Ọmọ náà wálé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n títí di òní, bó bá ń jẹun, ògiri ló ń kọjú sí, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Wọ́n ní ara rẹ̀ ló padà, wọ́n ti fi omi lé èyí tó kù lọ.

Àlùfáà sọ tirẹ̀, àwọn obìnrin sọ tiwọn, ìwọ tún gba ọ̀nà Róòmù yọ. Èwo ni kí n gbà? Kò sí alẹ́ tí mi ò rí bàbá rẹ lẹ́bàá ọgbà. Lóru àná, wọ́n na ọwọ́.

Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Kí ló dé tí o ò fẹ́ kí n da omi?

Ìyá rẹ.


Napoli,
4 oṣù kẹfà.

Ìyá mi,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mi ò di Àgùdà. Fadá kan ò bá mi sọ̀rọ̀. Renato ti níyàwó, ó sì sanra.

Ẹ ní kí n sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí mo kọ ọ́ tí mo ya á. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà. Bí mo bá wálé, n óò sọ ọ́ lójúkorojú. Èyí tí mo lè bẹ̀ yín ni pé kí ẹ ṣe bí ẹ ti máa ń ṣe. Ẹ tan àtùpà. Ẹ gbé òdòdó sílẹ̀. Ẹ má da omi. Mo fi Búdà bẹ̀ yín.

Ìpara orúnkún wà nínú àpótí kékeré tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí. Ẹ má fi ọwọ́ tí ẹ fi pa á kan ojú. Ṣé màlúù ti bí? Ṣé òjò ti dá kí ọ̀nà lè dára fún yín? Ẹ kí Gunapala, ẹ má sọ ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ fún un.

Malkanthi.


Kumbukwela,
16 oṣù kẹfà.

Malkanthi,

Lẹ́tà rẹ dé lánàá, a ó sì gbéra lọ́la. Ìpara náà ta mí dé ọpọlọ. O ṣeun.

Kí ni nǹkan náà tó tóbi tí kò gba inú lẹ́tà? Ṣé àìsàn ń ṣe ọ ni? Ṣé o ti lóyún fún ẹnì kan ni? Mo ti ronú títí, mi ò sì rí ibi tí oyún tàbí àìsàn ti kan omi bàbá rẹ.

Mo ti ká aṣọ funfun mi. Mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha jọ́ọ̀gì idẹ tí bàbá rẹ rà nígbà tí a bí ọ, ó ń dán. Òun ni mò ń gbé lọ. Bóyá n óò da omi, bóyá n ò ní dà á, èmi ò mọ̀, má bi mí. Bí mo bá dé iwájú àlùfáà, ohun tí ọwọ́ mi bá ṣe ni mo ṣe.

Ìyá rẹ tí o ń fi sínú òkùnkùn.


Napoli,
18 oṣù kẹfà.

Ìyá mi,

Mo fi fóònù pe ìsọ̀ Jayasena ní ìdíkọ̀ lónìí kí wọ́n lè sáré wá pè yín. Ó ní ọkọ̀ ti lọ láti àná, pé òun gbọ́ tí ẹ̀ ń kọrin nínú rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àpótí fóònù, mo sunkún. Kí ìwé yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ohun tí ẹ ó ṣe, ẹ ti ṣe é. Mo ṣì fẹ́ sọ ọ́.

Bàbá mi wà láàyè. Ojú mi ni mo fi rí wọn.

Níbi ọdún tuntun tí mo sọ fún yín, nínú gbọ̀ngàn yẹn, ọkùnrin kan dúró nídìí ìkòkò, ó ń fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ìrẹsì olómi àgbọn pẹrẹsẹ lórí ewé. Ọwọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Orí wọn ti funfun. Ọmọbìnrin kékeré kan di ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn mú, ó ń pè wọ́n ní bàbá. Mo súnmọ́ wọn, wọn ò dá mi mọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ, ṣé o fẹ́ èyí tó jóná díẹ̀?" Mo ní, "Ọmọ Kumbukwela ni mí." Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ wọn.

A jáde sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Wọ́n ní ogun gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wọn, pé wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn, wọ́n fara pamọ́ nínú ọkọ̀, títí wọ́n fi dé ìhín. Mo ní, "Ìwé kíkọ ńkọ́?" Wọ́n ní ọdún àkọ́kọ́, wọn ò ní ohun tí wọ́n lè fi ránṣẹ́, ojú ń tì wọ́n. Nígbà tó di ọdún kejì, ojú ń tì wọ́n pé wọn ò kọ̀wé lọ́dún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bá obìnrin ará ìlú Negombo kan pàdé, ọmọ Àgùdà ni. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí ìyá rẹ gbà pé mo ti kú. Ó sàn fún un bẹ́ẹ̀."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà yín dé, pé ẹ fẹ́ da omi. Mi ò lè sọ pé kí ẹ dà á, mi ò sì lè sọ ìdí tí ẹ ò fi gbọdọ̀ dà á. Inú mi dùn pé wọ́n wà láyé. Inú sì ń bí mi pé wọ́n wà láyé. Mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ẹ dákun, ẹ dáríjì mí.

Malkanthi.


Kumbukwela,
2 oṣù keje.

Malkanthi ọmọ mi,

Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń sùn? Lẹ́tà rẹ gígùn ti dé. Jẹ́ kí n sọ bí ìrìn àjò wa ṣe lọ ná, kí o tó gbọ́ ìyókù.

Gunapala so òdòdó mọ́ iwájú ọkọ̀, ó gbé orin, gbogbo wa ń gbè é. Àwọn sójà dá wa dúró lọ́nà, wọ́n tú gbogbo ẹrù wa. Ọ̀kan gbé jọ́ọ̀gì mi, ó wo inú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, kí lẹ fẹ́ rọ síbí?" Mo ní, "Omi. Mi ò tíì mọ ẹni tó ni ín ni." Ó wò mí, ó rọra dá a padà sínú àpò.

A dé Polonnaruwa, níbi tí Búdà olókùúta ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àwọn obìnrin tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn ọdọọdún, pé ṣé oorun ló ń sùn ni àbí ó ti kọjá lọ. Àbúrò bàbá rẹ ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀! Bí ọmọ ìka bá dọ́gba, oorun ni. Èyí fà sẹ́yìn díẹ̀, ó ti lọ nìyẹn." Àwọn yòókù ní sàdhú, pé bẹ́ẹ̀ ló rí, wọ́n kọjá. Èmi dúró síbẹ̀. Mò ń wò ó pé èmi, ta ni yóò fi ẹsẹ̀ ọkọ mi hàn mí? Mo sunkún díẹ̀ níbẹ̀, mo fi eruku kẹ́wọ́.

Mo gun Mihintale. Bí mo ṣe gùn ún, orúnkún mi ló mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ òṣùpá àrànmọ́jú, a bu oúnjẹ fún àwọn àlùfáà nínú ilé ìsinmi ní Anuradhapura. A tẹ́ ẹní. Olúkúlùkù gbé ife rẹ̀ sínú àwo, ó mú jọ́ọ̀gì. Àlùfáà àgbà ń béèrè orúkọ òkú lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dáhùn, wọ́n ń dà á títí omi á fi kún ife, á sì ṣàn sínú àwo. Ó kàn mí. Ó ní, "Orúkọ òkú?" Ọwọ́ mi ti tẹ jọ́ọ̀gì. Omi ti dé ẹnu rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni lẹ́tà rẹ sọ sí mi lọ́kàn. O béèrè orúnkún. O béèrè màlúù. O béèrè òjò, o béèrè Gunapala. Láti ìgbà tí o ti dé ibẹ̀, kò sí lẹ́tà tí o kò ti béèrè bàbá rẹ, títí tó fi ń sú mi láti dáhùn. Nínú méjì tó kẹ́yìn yìí, o ò béèrè rẹ̀. Ọmọ tó ń bẹ̀ mí pé kí n má da omi fún bàbá òun, kò tiẹ̀ béèrè bóyá a ti gbúròó rẹ̀. O ò béèrè mọ́, torí o ti mọ ibi tó wà.

Mo gbé jọ́ọ̀gì sílẹ̀. Àlùfáà ń wò mí. Gunapala sún mọ́ mi lẹ́yìn, ó ní, "Kí ló dé, Menika? Ṣé omi ò sí ni?"

Mo ní, "Omi wà. Òkú ni kò sí."

Mo bu omi náà, mo mu ún tán. Òùngbẹ ti ń gbẹ mí láti Mihintale.

Nítorí náà, má tọrọ ìdáríjì. Ìwé rẹ dé bá mi lẹ́yìn tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ti obìnrin Negombo àti ọmọ. Mo ka ibẹ̀ tán, mo dìde, mo gbá àgbàlá tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀. Inú ń bí mi. Mo tún rẹ́rìn-ín, pé ọdún keje, ó ṣì ń tẹ́ ìrẹsì yẹn. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí nígbà yẹn pé kó jẹ́ kí n máa dá a tẹ́, kò gbà. Mi ò mọ ohun tí a ń pe obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò kú tí kò sì sí. Bí wọ́n bá ní orúkọ fún un ní Róòmù, kọ ọ́ sí mi.

Okùn ààbò funfun méjì wà nínú ìwé yìí, láti ìdí Igi Mímọ́. Ọ̀kan ni mo gbà níbẹ̀ fún ọ. Èkejì, èmi ni mo gbà á fún ara mi, ṣùgbọ́n so ó mọ́ ọmọ kékeré náà lọ́wọ́, òun kò ṣẹ̀ mí. O ò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀. Ti bàbá rẹ kò sí níbẹ̀. Sọ fún un pé mo ti pa àtùpà rẹ̀, kí obìnrin tó ń bá a gbé máa tan tirẹ̀, bí àwọn Àgùdà bá ní epo. Kí ó má sì fara hàn mí lẹ́bàá ọgbà mọ́. Kó máa sùn sílé rẹ̀.

Màlúù ti bí, akọ ni. Òjò ń rọ̀.

Bí o bá ń kọ̀wé, má tún béèrè bàbá rẹ lọ́wọ́ mi mọ́. Ó ti di èmi tí n óò máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Báwo ni ara rẹ̀? Ṣé ó ń jẹun?

Ìyá rẹ,
Heen Menika.